Ihò Tí Kò Gbọdọ̀ Jinná

Ọjọ́ Àìkú, 3 oṣù karùn-ún

Ọ̀la ni. Aṣọ méjì, sálúbàtà, ìwé yìí: ẹrù mi kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti gé èékánná mi, mo sì ti tú irun mi.

Ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí wọn yóò la ẹ̀gbẹ́ imú mi lápá òsì, kí omijé tí kì í dá lójú mi lè rí ihò gbà lọ. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀sẹ̀ kẹjọ ni ihò náà dí. Ohun tó dùn mí jù ni pé gbogbo ilé ló ń yọ̀ nígbà náà. Wọ́n ń fọwọ́ kan àpá mi, wọ́n ń sọ pé ẹran ara ìdílé wa mà kúkú dára o, ẹ wò ó bó ṣe jinná bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Èmi náà ń yọ̀. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lẹ́yìn ìyẹn tí omi tún bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú mi, tí ẹ̀gbẹ́ imú mi wú, tí ọyún ń bá omijé jáde.

Dókítà yà á sórí bébà fún mi lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ní, "Ihò méjì ni, mà. Èyí tó wà lóde, a fẹ́ kó dí. Èyí tó wà nínú, tí a máa lu sínú imú kí omijé lè rí ibi gbà lọ, a ò fẹ́ kó dí láéláé. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ara ò mọ ìyàtọ̀. Bó ṣe ń di tòde náà ló máa fẹ́ di tinú."

Mo ní bó bá tún dí ńkọ́? Ó ní egungun tó kù níbẹ̀ kò ní tó ohun tí òun tún máa gbẹ́. Ọmọ yẹn kì í purọ́ fún èèyàn. Ìyẹn ni mo fi fẹ́ràn rẹ̀, ìyẹn náà ni mo fi ń bẹ̀rù àtirí i.

Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ aṣọ ní òun yóò dúró dè mí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ. Lẹ́yìn ìyẹn, òun yóò ra maṣíìnì tó ń ṣe ihò bọ́tìnnì tí mò ń fọwọ́ ṣe. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́, n kò sì lè bá a jà. Ẹ̀wù funfun mẹ́ta ni mo fi omi ojú bà jẹ́ lóṣù tó kọjá, gbogbo wọn lókè àyà, níbi tí ẹni tó bá wò ó máa kọ́kọ́ rí.

Màámi bi mí lẹ́ẹ̀mẹ́rin lónìí pé níbo ni mò ń lọ lọ́la. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, mo ní ọjà ni.

Ọjọ́rú, 6 oṣù karùn-ún

Mo ti délé. Ojú mi òsì wú, gbogbo abẹ́ rẹ̀ dúdú. Mo wo ọgbẹ́ náà nínú dígí: kò gùn ju oríkèé ìka kan lọ, òwú dúdú mẹ́rin. Mo yẹ ìránṣọ Dókítà wò bí mo ṣe ń yẹ iṣẹ́ ẹlòmíì wò. Ó gún, kò fa aṣọ. Mo fọwọ́ sí i.

Rọ́bà kan wà ní igun ojú mi, tín-ínrín bí òwú, ó gba ojú ihò omijé wọlé, ó wọ inú imú lọ. Bí mo bá wo apá ọ̀tún, mo máa ń rí i tó ń dán. Oṣù méjì ó lé ni yóò fi wà níbẹ̀, òun ni yóò máa la ihò inú kó má pa dé.

Àwọn nǹkan tí n kò gbọdọ̀ ṣe: n kò gbọdọ̀ fun imú. N kò gbọdọ̀ tẹrí ba. N kò gbọdọ̀ mu ohun gbígbóná. Bí mo bá fẹ́ sín, kí n la ẹnu gbàgà bí ẹni tó ń ya wèrè. Ìrọ̀rí mẹ́ta ni kí n fi máa sùn. Oògùn ojú lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́, ó sì ti tún gbówó lórí.

Màámi rí mi, wọ́n káwọ́ lérí. "Ta ló gún ọ lọ́bẹ?"

"Dókítà ni, Màámi."

"Kí lo ṣe fún un?"

Ọjọ́bọ̀, 7 oṣù karùn-ún

Òjò láti àárọ̀. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti imú. N kò fun ún.

Ọjọ́ Ajé, 11 oṣù karùn-ún

Wọ́n tú òwú náà. Nọ́ọ̀sì tẹ ẹ̀gbẹ́ imú mi, ó pe nọ́ọ̀sì kejì pé kó wá wò ó. "Ẹ wo bó ṣe lẹ̀! Ọjọ́ méje péré! Mà, ẹran ara yín yìí, ẹ tà á fún mi. Ó ti jinná!" Ó ń kí mi kú oríire ni.

Mo ní, "Tinú ńkọ́?"

Ó ní ojú òun ò dé inú.

Mo fẹsẹ̀ rìn wálé, ọ̀rọ̀ ihò bọ́tìnnì ni mo sì ń rò lọ́nà. Ẹni tó bá kàn gé aṣọ lásán kò tíì ṣe ihò. Òwú etí rẹ̀ á tú, á máa wọ́ mọ́ ara wọn, bó bá ti wọ omi lẹ́ẹ̀mejì, bọ́tìnnì kò ní kọjá níbẹ̀ mọ́. Èèyàn gbọ́dọ̀ rán etí rẹ̀ yí ká, kí ihò náà lè mọ̀ pé ihò lòun. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ta ló rán etí tèmi yí ká? Rọ́bà lásán ni wọ́n kì bọ̀ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, 14 oṣù karùn-ún

N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ kọ ti òní. Mo jókòó, mò ń ká aṣọ. Mo mí kanlẹ̀, afẹ́fẹ́ sì jáde láti igun ojú mi. Kì í ṣe imú. Ojú. Ó tutù, ó dún fín-ín, bí ẹni tó fẹ́ súfèé tó rántí pé wọ́n ní kó dákẹ́. Oògùn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kán sí i yọ ìfófòó kékeré.

Mo pe Dókítà lórí fóònù. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun tó dára ni, ihò náà ṣí sílẹ̀ nìyẹn, afẹ́fẹ́ ń ti imú gòkè. Inú mi dùn, lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ojú mi máa mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19 oṣù karùn-ún

Mo sùn lọ́sàn-án lórí ìrọ̀rí mẹ́ta mi. Afẹ́fẹ́ fẹ́ mi ní igun ojú, mo rò pé tèmi náà ni, mo la ojú. Màámi ni. Wọ́n tẹrí wá sórí mi, imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tèmi, wọ́n ń sọ̀rọ̀ sínú àpá mi bí ìgbà tí èèyàn bá ń bá ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri sọ̀rọ̀.

"Ojú, pa dé. Pa dé, ojú. Pa dé kíákíá."

Mo pariwo. Wọn ò tilẹ̀ ta gìrì. Wọ́n ní, "Má mira. Kò tíì gbọ́."

Mo mọ ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tá a wà ní kékeré, bí a bá ṣubú tí orúnkún bó, bẹ́ẹ̀ ni Màámi ṣe máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, tí wọn á máa bá ojú ọgbẹ́ náà sọ̀rọ̀ pé kó pa dé. Ó sì máa ń pa dé. Èmi àti Ẹ̀gbọ́n ò ní ọgbẹ́ kankan rí tó rí ọ̀sẹ̀ kejì. Lẹ́yìn ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo tún gbọ́ ọ lẹ́nu wọn: ọjọ́ tí Bàbá kú, nígbà tí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ wọ́ ìpéǹpéjú Bàbá wálẹ̀, tí wọ́n ní, ojú, pa dé.

Mo jókòó tì wọ́n, mo ya ihò méjèèjì sórí bébà bí Dókítà ṣe yà á. Wọ́n fara balẹ̀ wò ó.

"Ìkan á dí, ìkan á ṣí," ni wọ́n wí.

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Màámi."

"Mo ti gbọ́."

Nígbà tí mo fi máa kó àwo oúnjẹ tán, wọ́n bi mí pé ta ló gún mi lọ́bẹ.

Ọjọ́ Ẹtì, 22 oṣù karùn-ún

Wọ́n tún wá. Mo fi ọwọ́ bo ojú mi. Wọ́n sọ̀rọ̀ sí ẹ̀yìn ọwọ́ mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26 oṣù karùn-ún

Ọsibítù. Èrò pọ̀. Ẹ̀gbẹ́ bàbá kan tí gbogbo àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní Tíṣà ni mo jókòó sí. Wọ́n wọ kóòtù tí apá rẹ̀ kúrú jù, mo sì ń bínú sí ẹni tó rán an fún wọn títí wọ́n fi bá mi sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mélòó tiyín?"

"Ẹ̀ẹ̀kejì, sà."

"Ẹ̀ẹ̀kẹta tèmi." Wọ́n sún mọ́ mi. "Ṣé ó ń mí?"

Mo mọ ohun tí wọ́n ń béèrè. Inú mi tiẹ̀ dùn pé ẹlòmíì mọ̀. "Ó ń mí, sà."

"Ẹ máa tẹ́tí sí i. Tèmi dákẹ́ lọ́jọ́ Sátidé kan báyìí, mò ń fá irùngbọ̀n lọ́wọ́. Kò dùn mí, n kò rí ẹ̀jẹ̀. Ó kàn dákẹ́. Ó dà bí ìgbà tí ẹnìkan jáde nínú yàrá tó jẹ́ pé mi ò tiẹ̀ mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó wà níbẹ̀." Wọ́n fa aṣọ ìnujú yọ, wọ́n nu ojú wọn. Omi rẹ̀ pọ̀.

Dókítà mú abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ kò mú, ó ta omi iyọ̀ díẹ̀ sí ihò omijé mi. "Ẹ sọ fún mi tí ẹ bá tọ́ ọ wò." Mo retí. Iyọ̀ dé ọ̀fun mi. Kò sí oúnjẹ tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún yìí. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi iná wo inú imú mi, ó pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní ẹran kan ti ń hù yí rọ́bà náà ká. Ó ní, "Ó ń yá jù, mà. Ara yín ń ṣiṣẹ́ jù." Ó kọ oògùn míì fún mi, èyí tó máa bá wa mú ẹran náà falẹ̀.

Ara mi ń ṣiṣẹ́ tí n kò rán an. Mò ń jẹun, mò ń sùn, òun ń ránṣọ nínú òkùnkùn, kò bi mí léèrè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 30 oṣù karùn-ún

Ẹ̀gbọ́n mi wá láti ìlú tí wọ́n ń gbé. Èmi sùn lọ́sàn-án, ariwo abọ́ tó fọ́ ló jí mi. Ẹ̀gbọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, omi àti abọ́ fọ́n ká ẹsẹ̀ wọn, Màámi sì wà lórí mi.

"Màámi! Ṣé òkú ló sùn síbẹ̀ yẹn ni?"

Inú bí Màámi. "Òkú wo? Ẹnu rẹ á jóná. Mò ń wo ọgbẹ́ ọmọ mi."

Ẹ̀gbọ́n fà mí lọ sí ilé ìdáná. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n o, wọn kì í gba ìsọkúsọ gbọ́, àwọn ni wọ́n máa ń bá mi wí tí mo bá ń rọ́ àlá. Wọ́n ní, "Àbúrò, mi ò fẹ́ràn ohun tí mo gbọ́ yẹn."

"Àṣà wọn ni. Ọgbẹ́ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀."

"Mo mọ̀. Ìwọ gan-an sọ fún mi, èwo nínú ọgbẹ́ wa ni wọ́n bá sọ̀rọ̀ rí tí kò pa dé?"

A wo ara wa. Obìnrin méjì tí orí wa ti ń hu ewú. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn yóò mú Màámi lọ sọ́dọ̀ àwọn títí wọn yóò fi yọ rọ́bà náà. Mo ní rárá. N kò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ọjọ́rú, 3 oṣù kẹfà

Mo ti ilẹ̀kùn yàrá mi pa lọ́sàn-án yìí. Mo gbọ́ bí Màámi ṣe fọwọ́ pa ilẹ̀kùn náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí wọ́n wá jókòó sílẹ̀. Ohùn wọn gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Pa dé. Pa dé. Mo ká aṣọ, mo fi dí abẹ́ ilẹ̀kùn náà. Mo dùbúlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù ohun tí mo ṣe bà mí, mo dìde, mo yọ aṣọ náà kúrò. N kò fẹ́ dí ihò kankan nínú ilé yìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 oṣù kẹfà

Mo pe Ẹ̀gbọ́n lánàá. Wọ́n gbé ọkọ̀ wá ní àárọ̀. Mo ti ká aṣọ Màámi sínú àpótí, mo kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn sí i, mo kọ àsìkò rẹ̀ sórí páálí. Ohun gbogbo tó yẹ kí ọmọ ṣe ni mo ṣe, kí n má bàa wojú wọn.

Wọ́n ní, "Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan, mà. Ẹ kàn fẹ́ lọ sinmi lọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n."

"Dìgbà wo?"

Mo dá wọn lóhùn. N kò rántí ohun tí mo sọ, ohun tó kọ́kọ́ bọ́ sí mi lẹ́nu ni. Wọ́n gbà á. Wọ́n fi etí ìborùn wọn nu ojú mi òsì bí wọ́n ṣe máa ń nù ún láràárọ̀ láti ọdún mẹ́ta, wọ́n sì wọ ọkọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 8 oṣù kẹfà

Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Mo sùn lọ́sàn-án láìti ilẹ̀kùn.

Atẹ́gùn fẹ́ mi ní igun ojú. Mo la ojú. Kò sí ẹnìkan.

Mo dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀, n kò mira. Mo mí sínú, mo mí síta, ó tún fẹ́. Èmi ni. Èmi náà ni. Mélòó nínú atẹ́gùn tí mo ti dá Màámi lẹ́bi fún ló jẹ́ tèmi? Ojú tì mí gan-an. Ṣùgbọ́n n kò pe Ẹ̀gbọ́n pé kí wọ́n dá wọn padà. Mo kọ ọ́ síbí kí n má bàa purọ́ fún ara mi lọ́jọ́ iwájú.

Nǹkan kan ṣì kù tí n kò fẹ́ kọ. Bí mo bá mí lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, èyí àkọ́kọ́ máa ń dúró láàárín, èkejì máa ń lọ sókè. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́fà kí n tó gbà. Ohùn "pa dé" ni. Kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ohùn nìkan ni, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tó gbọ́ èdè wa tí kò ní mọ ohun tó ń wí.

Ọjọ́bọ̀, 11 oṣù kẹfà

Mo ń fi ẹnu mí.

Ọjọ́rú, 24 oṣù kẹfà

Mo padà síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé. Aṣọ aláwọ̀ búlúù ni Ọ̀gá kó fún mi, ó ní òun kàn fẹ́ kí n sinmi kúrò lórí funfun. Ẹni tó ń gbọ́ ọ á rò pé funfun ló ń ṣàìsàn. Ihò bọ́tìnnì mọ́kànlélógún ni mo ṣe lónìí. Ọwọ́ mi kò yí padà. Rọ́bà yẹn ń ta mí lójú, omi ṣì ń sun díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò kán.

Mo pe Ẹ̀gbọ́n nígbà ìsinmi ọ̀sán. Wọ́n ní Màámi ń jẹun díẹ̀. Wọ́n tún ní bó bá ti lu aago méjì, Màámi á dìde, wọ́n á lọ dúró ti ibùsùn àlejò tí kò sí ẹnìkan lórí rẹ̀, wọ́n á máa bá ìrọ̀rí sọ̀rọ̀. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ló ń lù lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Mo ní kí wọ́n gbé fóònù fún wọn.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Màámi."

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, mà."

"Wá gbà mí. Mò ń ṣe iṣẹ́ kan fún ọmọ mi, wọn ò jẹ́ kí n parí ẹ̀."

Ọjọ́ Ajé, 13 oṣù keje

Wọ́n yọ ọ́. Dókítà gé rọ́bà náà ní igun ojú, ó sì fà á láti ihò imú. Ó gùn ju bí mo ṣe rò lọ. Mo gbọ́ bó ṣe ń kọjá lẹ́yìn ojú mi, bí ìgbà tí èèyàn bá ń fa òwú tútù kúrò nínú aṣọ. Ó fi hàn mí lórí àwo, ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Oògùn yẹn ti mú ẹran tó hù yí i ká súnkì díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì lọ tán.

Ó ní, "Láti ìsinsìnyí, ihò náà ló máa dá dúró fúnra rẹ̀. Ẹ padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì." Mo bi nọ́ọ̀sì léèrè Tíṣà. Ó ní bàbá náà ní àwọn ò wá mọ́.

Ẹ̀gbọ́n pè mí ní ìrọ̀lẹ́ pé ṣé kí àwọn máa mú Màámi bọ̀ wàyí, torí wọ́n ti ń rù. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì yẹn. Wọ́n ní, "Àbúrò." Wọ́n sì gé fóònù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 oṣù keje

Ó dákẹ́.

Mò ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ nígbà tí mo ṣàkíyèsí. Mo pa ẹnu dé, mo mí. Kò sí nǹkan kan. Mo mí kanlẹ̀. Kò sí. Sátidé ni, bíi ti Tíṣà. Mo di imú mi mú, ó kù díẹ̀ kí n fun ún láti mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ á gòkè, ọwọ́ mi ti wà níbẹ̀, mo tún rántí pé n kò gbọdọ̀. Mo sọ ọwọ́ kalẹ̀. Aṣọ oníbàárà ti jóná.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ohùn náà fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Ní báyìí mo jókòó sí àárín yàrá, mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ̀rọ̀, ohun yòówù kó fẹ́ sọ.

Ọjọ́ Ajé, 27 oṣù keje

Mo sọ fún Dókítà pé ó ti dákẹ́. Ó ní kí n gbé orí sẹ́yìn. Abẹ́rẹ́ wọlé, omi náà tutù. Mo dúró. Mo ka ení, èjì, ẹ̀ta. N kò tọ́ nǹkan kan wò. Mo rí bí ojú Dókítà ṣe le. Ẹ̀rin, àrún.

Iyọ̀ dé ọ̀fun mi.

"Ó dé?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó fi iná wo inú imú mi, ó pe nọ́ọ̀sì, ó ní kóun náà wò ó. "Ó ṣí. Ó ṣí gbayawu. Wíwú ibẹ̀ ló lọ tí ẹ ò fi gbọ́ ohùn mọ́. Awọ tuntun ti bo etí rẹ̀ yí ká, mà, kò níbi tó fẹ́ gbà pa dé mọ́. Ó ti jinná ní ṣíṣí."

Mo ní, "Ẹ ti rán etí rẹ̀."

Ó ní òun ò mọ abẹ́rẹ́ aṣọ í dì mú. Mo dì mọ́ ọn. Òun àti kóòtù funfun rẹ̀, tí bọ́tìnnì rẹ̀ kejì ti já.

Ọjọ́rú, 29 oṣù keje

Ẹ̀wù funfun mọ́kànlá. Kò sí ẹ̀kán omi kan lórí wọn. Ọ̀gá gbé e sókè sí fèrèsé, ó wò ó, ó ní maṣíìnì yẹn ti lọ nìyẹn o. Mo ní kó tètè lọ.

Ẹ̀gbọ́n yóò mú Màámi wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Mo ti fọ aṣọ ibùsùn wọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 oṣù kẹjọ

Oòrùn mú. Aago mọ́kànlá kọjá ni ọkọ̀ dé. Mo sáré jáde.

Màámi ti rù tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé Ẹ̀gbọ́n ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wọn sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n tún ìborùn wọn ṣe, wọ́n wò mí, wọ́n wá tẹ orúnkún díẹ̀ fún mi, bí obìnrin ṣe ń kí ẹni tó bá nílé tí kò mọ̀ rí.

"Ẹ kú ilé o, mà."

Ẹ̀gbọ́n ní, "Màámi, Àbúrò mi nìyí. Ọmọ yín ni."

Màámi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí wọ́n máa ń rín fún àlejò. "Rárá o. Omi kì í gbẹ lójú ọmọ tèmi."

Mo kúnlẹ̀ sórí iyanrìn. "Màámi, èmi ni. Ẹ wo àpá náà. Èmi ni."

"Áà, ẹ dìde, mà, ẹ dìde! Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi, ẹ dákun!" Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń fà mí sókè. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, Màámi kò pè mí ní "ẹ" rí.

A mú wọn wọlé, a fi wọ́n jókòó. Wọ́n jókòó sí etí àga bí ẹni tí kò fẹ́ pẹ́. Ẹ̀gbọ́n jáde lọ dúró síta nítorí ẹkún. Èmi náà ń sunkún. Mo mọ̀ bí omijé ṣe ń kó jọ sí igun ojú mi òsì, tí kò sì kán, tó yí padà, tó gba ibi tí a là fún un wọlé. Iyọ̀ kún ọ̀fun mi. Màámi wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi dáadáa, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù. Ó gbẹ.

Wọ́n sún mọ́ mi, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ jọ ẹni tó láàánú. Ọmọ mi kan wà níbí, aránṣọ ni. Ó ní kí n máa bọ̀ tí ojú òun bá ti jinná. Ó ti pẹ́ díẹ̀, mi ò sì fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu. Ṣé ẹ lè bá mi béèrè bóyá ó ti jinná?"

Mo ní, "Ó ti jinná, Màámi."

"Ó ti jinná?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ mi mú. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n ní Ọlọ́run yóò san án fún mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dìde, tí wọ́n ń wá bàtà wọn lábẹ́ àga, kí wọ́n lè máa lọ bá a.